Ọ̀tá tí Kì í Kan Ilẹ̀kùn

Ohun tí ó bá dunni ni à ń pariwo lé lórí. Kí ni kí a wá ti ṣe nípa ewu tí ń pani tí kò sì dunni? Ìtàn àwọn ará Faransé mẹ́ta kan yóò là wá lójú.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ọdún 1875, Joseph Crocé-Spinelli, Théodore Sivel àti Gaston Tissandier gbéra láti ìlú Paris nínú apẹ̀rẹ̀ bàlúùnù ńlá kan tí à ń pè ní Zénith. Ìmọ̀ nípa òfuurufú ni wọ́n ń wá lọ. Wọ́n gbé àpò mẹ́ta dání, tí ọ́síjìn pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ inú wọn. Paul Bert, ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́ ẹ̀yà ara, kọ̀wé sí wọn pé kò ní í tó. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé. Wọ́n pinnu láti ṣọ́ ọ lò.

Kí ni Bert rí? Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn, ìbáà ṣe nílẹ̀, ìbáà ṣe lókè. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní nǹkan bí mítà 5,500, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì. Ní mítà 8,000, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó, ọpọlọ sì ni ó ń tètè jẹ ìyà rẹ̀.

Tissandier kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé kò sí ìrora kankan. Ayọ̀ ni ó kún inú òun. Ó fẹ́ mú ọ̀pá ọ́síjìn, apá rẹ̀ kò gbé e. Ó fẹ́ kígbe pé àwọn ti dé mítà 8,000, ahọ́n rẹ̀ kò yí. Ó dákú. Nígbà tí ó jí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Òun yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di.

Ẹ kíyè sí i: ohun tí ìbá gbà wọ́n là wà ní àrọ́wọ́tó wọn. Orí tí í rán ọwọ́ níṣẹ́ ni ọ̀tá kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún èrò ọkọ̀ òfuurufú lónìí pé, bí ìbomú bá já bọ́ láti òkè, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fi tirẹ̀ bomú kí ó tó ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan rárá. Òbí tí iyè rẹ̀ bá ti ra kò lè gba ọmọ là.