Ilé Ère Ẹ̀sìẹ́ àti Àwọn Tí Ó Ń Ṣọ́ Ọ

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó gbà pé Òyìnbó ni ó kọ́ wa láti wo ẹ̀yìn. Pé kí wọn tó dé, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí à ń pè ní fífi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi bá mi dé ìlú kan ní ilẹ̀ Igbómìnà, kí a lè jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìlú náà ni Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Níbẹ̀ ni a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sílẹ̀ sí ní gbogbo Nàìjíríà, ní ọdún 1945. Nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, Ilé Ère ni n óò máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ilé náà. Ère òkúta ni, wọ́n sì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Àwọn kan nínú wọn kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, àwọn mìíràn sì ga ju mítà kan lọ. Lọ́kùnrin lóbìnrin ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì jókòó lórí àpótí bí ẹni tí ó wà ní àwùjọ àwọn ìjòyè. Ẹni tí ó bá wo orí wọn yóò rí irun dídì àti fìlà lóríṣiríṣi. Ẹni tí ó bá wo ojú wọn yóò rí ilà. Ẹni tí ó bá wo ọrùn wọn yóò rí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn kan mú idà tàbí àdá lọ́wọ́, àwọn kan sì ń lo ohun èlò orin. Láàárín wọn ni èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ọba Ère wà.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Ìtàn tí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ń sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àlejò ni wọ́n, wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ tí gbogbo wọn fi di òkúta níbi tí wọ́n wà. Ẹnu àwọn onítàn kò kò lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà: àwọn kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn àlejò náà ti wá, àwọn kan ní ìjà ni wọ́n bá wá. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ bákan náà. Àwọn kan na ìka sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn kan sí ilẹ̀ Tápà. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí àwọn ohun amọ̀ sísun tí a bá níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100, èyí sì fi hàn pé ọjọ́ àwọn ère náà ti pẹ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ rí pé baba àwọn ni ó gbẹ́ ère náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn dé, àwọn sì bá wọn nínú igbó. Ó rọrùn fún ìlú láti sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ baba àwọn ni ohun tí ó lẹ́wà tó báyìí. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò sì ti gbẹ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣọ́ wọn. Wọ́n yan àwòrò tí yóò máa bójú tó wọn, wọ́n sì ń ṣe ọdún fún wọn lọ́dọọdún. Igbó náà ni ilé, àwòrò ni alábòójútó, ọdún ère sì ni ọjọ́ tí tàgbà tèwe ń péjọ láti rí wọn àti láti gbọ́ ìtàn wọn. Kí ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe tí ó ju èyí lọ?

Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, ẹni tí ó ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò, rí àwọn ère náà, tí ìròyìn wọn sì kàn dé etí ìjọba. Ẹ kíyè sí i pé mo ní ó rí wọn. N kò ní òun ni ó ṣe àwárí wọn. Ẹni tí ó bá bá ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò lè sọ pé òun ni ó rí ọmọ he. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa wọn, títí ó fi kan Phillips Stevens ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ odindi ìwé lé wọn lórí ní ọdún 1978.

Ohun tí ó mú kí ìjọba ṣe wàràwàrà ni ọ̀rọ̀ Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tí ó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò nílùú. Méjì dé Amẹ́ríkà kí a tó dá wọn padà. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní olónìí. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, wà lára àwọn tí ó pariwo títí. Ní ọdún 1943, ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Ilé Ère sì dé. Òfin tí ó de kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ dé ní ọdún 1953, ilé ti Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1954. Ẹ ò rí i pé ìlú kékeré Ẹ̀sìẹ́ ni ó ṣáájú.

Wàyí o, nígbà tí ère kúrò nínú igbó tí ó wọ ilé ìjọba, àwọn olówó méjì ni ó ní in. Onímọ̀ fẹ́ kí a tò ó, kí a kọ nọ́ńbà sí i, kí ọwọ́ má kàn án. Àwòrò fẹ́ kí a bọ ọ́, nítorí lójú tirẹ̀ Ọba Ère kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí oyè. Èyí tí ó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìẹ́ ni pé ìkínní kò lé ìkejì jáde. Ọdún ère kò parẹ́ nítorí pé a kọ́lé. Ilé tí a kàn kó nǹkan sí, tí kò sí ọjọ́ tí àwọn ará ìlú ń péjọ síbẹ̀, àká ni. Ohun tí ó sọ àká di ilé ìtàn ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn.

Síbẹ̀, ewu ń bẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti dá, àwọn olè sì fẹ́ràn orí, nítorí ó rọrùn láti gbé pamọ́. Láàárín ọdún 1993 sí 1994, àwọn olè wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n sì kó níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2000, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, gbé ìwé kan jáde láti kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń rà àti àwọn aṣọ́bodè nípa àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń dojú kọ jù. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà nínú ìwé náà. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní ìkárágbá, ayé a bá a fi kó ilẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwé rọ́pò onígbá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ àwọn ère náà. Lónìí, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ, ìbẹ̀rù náà sì ti dín kù. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ sọ pé òrìṣà ni, kí ó máa lọ. Èsì mi ni pé ẹni tí ó fi àwòrán baba rẹ̀ kọ́ ara ògiri kò bọ àwòrán. Bí a kò bá fẹ́ kí ìbẹ̀rù máa ṣọ́ Ilé Ère mọ́, a jẹ́ pé ìmọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ. Kí a kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí irun dídì àti ilà tí a gbẹ́ sára òkúta. Kí àkọlé tí ó wà lábẹ́ ère jẹ́ èyí tí ìyá ọlọ́jà lè kà ní èdè Yorùbá. Àwa tí a sì ń kọ́ nípa èdè, kí á gbé ìwé àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, kí á lọ jókòó ti àwọn àgbà, kí á kọ ìtàn àwọn àlejò náà sílẹ̀ bí olúkúlùkù ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè Igbómìnà tí wọ́n fi sọ ọ́. Òkúta lè dúró dè wá fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹnu àgbà kò lè dúró.

Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ bá ohun tí wọn kò gbẹ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dè wá. Àwa náà ti bá a báyìí. Kí á má ṣe jẹ́ ìran tí ọwọ́ rẹ̀ já a.