Nígbà Tí Wọ́n Kó Pólónì Padà Ní Johannesburg

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà lára ní ọdún 2017 àti 2018.

Pólónì jẹ́ ẹran lílọ̀ tí a ti sè láti ilé iṣẹ́, tí a ń gé sí àárín búrẹ́dì. Nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni ní Johannesburg, láti Soweto títí dé àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Troyeville ní ìlà-oòrùn ìlú náà.

Ní àárín ọdún 2017 ni àwọn dókítà rí i pé àrùn listeriosis ń pọ̀ sí i, pàápàá lára àwọn ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n títí di oṣù Kejìlá ọdún náà, òfin kò sọ ọ́ di dandan pé kí a ròyìn àrùn yìí fún ìjọba. Ní oṣù Kínní ọdún 2018, àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú kan ní Soweto ṣàìsàn. Pólónì wà nínú ohun tí wọ́n jẹ. Àwọn oníwádìí tọpa rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ Enterprise ní Polokwane. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, Mínísítà Ìlera, Dókítà Aaron Motsoaledi, kéde ibi tí àrùn náà ti wá, ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọjà náà padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí, ènìyàn 1,060 ni a kọ sílẹ̀ pé àrùn náà mú. 216 nínú wọn kú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ìyà náà kàn. Òtútù kì í pa kòkòrò àrùn yìí, nítorí náà onílé ní láti kó ẹran dànù, kí ó sì fọ fìríìjì rẹ̀. Ẹni tí ó gbé pólónì lódidi lè fi àmì ilé iṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ gba owó padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ègé díẹ̀ lọ́wọ́ alátẹ, kí ni yóò fi hàn? Owó ẹlẹ́dẹ̀ já wálẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Mozambique àti Botswana sì dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ dúró ní ẹnubodè.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ni èyí. Ní ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé tí a ń pè ní My Pikin pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà, kí NAFDAC tó kó o kúrò lórí àtẹ tán.

Kíkó ọjà padà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí mínísítà bá kéde. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kọ déètì sí ara ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí dókítà ròyìn aláìsàn àkọ́kọ́. Oníṣòwò tí ó pàdánù ọjà, a lè sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tí ó sin ọmọ.