Àgbò Ẹ̀yìnkùlé àti Òfin Kánsù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, igbe àgbò a gba gbogbo Ẹgbẹ́dá kan. Bí aládùúgbò bá ráhùn pé òórùn kò jẹ́ kí òun sùn, ẹlòmíràn a dáhùn pé, “Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo so ó sí, kí ló kan kánsù?” Ìtàn ni yóò dá onítọ̀hún lóhùn.

Ní 1917, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìlera jáde ní Nàìjíríà. Ó ka ẹran tí a bá sìn lọ́nà tí ó ń ni ará ilé kejì lára, tàbí tí ó lè fa àìsàn, sí ohun tí wolé-wolé lè torí rẹ̀ mú ènìyàn. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, gbogbo ènìyàn rí i pé ìdọ̀tí agboolé kan lè di ọ̀ràn gbogbo àdúgbò.

Abúlé oko àwọn Àwórì ni Ẹgbẹ́dá nígbà náà. Ewúrẹ́ jẹ̀ lọ, ó jẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ilé ń pọ̀, ilẹ̀ ń há, títí ìdílé mẹ́jọ, mẹ́wàá fi ń pín ẹ̀yìnkùlé kan lò.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 fi àbójútó sísin ẹran inú ilé àti dídà wọn kiri sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti 1999 tí a ń lò lónìí kò yí i padà. Bí kánsù bá béèrè nípa ajá tàbí àgbò wa, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ẹni tí ó bá rò pé àṣejù ni, kí ó rántí àrùn adìẹ tí ó wọ Nàìjíríà ní 2006. Ní oṣù Kìíní 2007, ó pa obìnrin kan l'Ékòó, ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó pa nílẹ̀ yìí.

Ẹ̀sìn wa pàápàá kò dákẹ́. Anabi wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé, tí kò bọ́, tí kò sì jẹ́ kí ó wá tirẹ̀ jẹ. Ó sì tẹnu mọ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò.

Nítorí náà, kí a tó ra àgbò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìbòji rẹ̀, omi mímu rẹ̀ àti ibi tí a óò kó ìgbẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tí ó ní ajá, kí ó gbà á ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ẹran tí a fẹ́ fi jọ́sìn kò yẹ kí ó di ìnira fún ará ilé kejì. Kí Ọlọ́hun gba ìjọsìn wa. Àmín.