Bí Òfin Òṣìṣẹ́ Àgbáyé Ṣe Pẹ́ Kí Ó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ọjọ́ kan tí a kírun Jímọ̀ tán, arábìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ẹbí kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ó mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú àpótí ìyálé ilé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni mí bí mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ìwé mi?” Mo ní kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó mú mi padà sí ìtàn bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pawọ́ pọ̀ ṣe òfin tí yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́, àti bí òfin náà ṣe pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ irú arábìnrin yìí.

Ọdún 1919 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ti parí, àwọn tí ó ṣẹ́gun sì péjọ sí ilẹ̀ Faransé láti kọ àdéhùn àlàáfíà Versailles. Inú àdéhùn náà ni wọ́n ti dá Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sílẹ̀. Àánú nìkan kọ́ ni ó mú wọn ṣe é. Ní 1917, ìjọba ọba Rọ́ṣíà ti wó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ-ogun, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ìjọba yòókù kí irú rẹ̀ má baà dé bá wọn. Ní oṣù kẹwàá 1919, àjọ náà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Washington. Àdéhùn kìíní tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ má ṣe ṣiṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, tàbí 48 lọ́sẹ̀. Ohun ńlá ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú òfin àjọ náà tí ó kàn wá. Ó fi í sí ọwọ́ ìjọba tí ó ní ilẹ̀ àmúsìn láti sọ bóyá àdéhùn kan bá ipò ilẹ̀ náà mu tàbí kò bá a mu. Ẹni tí ó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà ni a tún ní kí ó ṣe adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé nígbà náà. Ní oṣù kẹfà 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjà tí a ń pè ní Ogun Adùbí. Owó orí tuntun wà lára ohun tí ó bí wọn nínú, iṣẹ́ ipá tí a ń kó ènìyàn ṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù. Ìjọba kó ọmọ-ogun tì wọ́n, ẹ̀mí púpọ̀ sì bọ́. Kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn jókòó ní Washington tí wọ́n ń ka wákàtí.

Ọdún 1930 ni àjọ náà tó kọjú sí iṣẹ́ ipá, nínú Àdéhùn 29. Ó túmọ̀ rẹ̀ kedere: iṣẹ́ èyíkéyìí tí a fi ìyà dẹ́rù ba ènìyàn kí ó tó ṣe é, tí kò sì fi ìfẹ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda fún. Wọ́n ní kí àwọn ìjọba fòpin sí i láàárín àkókò tí ó bá kúrú jù lọ. Títí tí òpin náà yóò fi dé, a ṣì lè kó ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, láti ẹni ọdún 18 sí 45, fún iṣẹ́ ìlú, bí kò bá ti ju ọjọ́ 60 lọ láàárín oṣù 12. Àdéhùn tí ó ń fòfin de iṣẹ́ ipá tún ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe é! Síbẹ̀ asán kọ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ìjọba tí ó bá fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́ ní ìwé tí a lè fi bi í léèrè.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní 1931. Àmọ́ àdéhùn náà ti yọ ìgbà ogun sílẹ̀, ihò yẹn sì ni wọ́n gbà kọjá nígbà tí Japan gba Malaya mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1942. Ibi tí wọ́n ti ń rí tánganran ti bọ́, nítorí náà wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ Àríwá Nàìjíríà, tí iye wọn tó nǹkan bí 100,000 kí ó tó parí, lọ wa kùsà ní agbègbè Jos. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé láàyè. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, n kò sì tíì gbọ́ kí a rántí wọn nínú àdúrà ní mọ́sálásí wa. Ní ti Faransé, tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, 1937 ni ó tó fọwọ́ sí àdéhùn náà, ó sì di oṣù kẹrin 1946 kí òfin tó fòpin sí iṣẹ́ ipá ní àwọn ilẹ̀ àmúsìn rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá 1960, kété tí ó gba òmìnira.

Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹlòmíràn ńkọ́? Ní 1944 àjọ náà ti kéde ní Philadelphia pé a kò gbọdọ̀ ka iṣẹ́ ènìyàn sí ọjà títà. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná kì í ṣe fákítọ̀rì, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sì í sábà wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó di ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2011, ọdún 92 lẹ́yìn ìpàdé Washington, kí wọ́n tó ṣe Àdéhùn 189 fún òṣìṣẹ́ inú ilé. Ìbò 396 gbè é, 16 takò ó, 63 kò dá sí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí kò dá sí i, kò sì tíì fọwọ́ sí i. Àdéhùn náà ní kí òṣìṣẹ́ ilé sinmi fún wákàtí 24 léraléra lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Kí ẹni tí a ń mú láti orílẹ̀-èdè mìíràn rí iṣẹ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀ nínú ìwé kí ó tó kọjá ààlà. Kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ni ẹjọ́ yìí kàn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pa láṣẹ nípa owó alágbàṣe. Síbẹ̀ a ń mú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni wá, a ń pè é ní àbúrò, ní ìbátan, ní ọmọ ilé, orúkọ dáadáa wọ̀nyí ni kò sì jẹ́ kí a rí i pé òṣìṣẹ́ ni.

Arábìnrin náà padà wá ní Jímọ̀ kejì. Ó ní kí n bá òun kọ gbólóhùn ìwé ìrìnnà yẹn ní èdè Yorùbá, kí òun lè kà á sí etí ìyálé ilé. Mo kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sínú àpò rẹ̀.