Gbogbo Alángbá Ni Ó Da Ikùn Délẹ̀: Àlàyé Lórí Àwọn Ẹja Pẹlẹbẹ Etí Òkun Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa, tí wọ́n máa ń fi ojú inú wo ayé kí wọ́n tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ni wọ́n pa á lówe pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí wọ́n fi òwe náà kọ́ wa ni pé ìdúró kan náà lè bo ìwà tí ó yàtọ̀ síra mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tí yóò bá ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn tí ó jọra kò gbọdọ̀ dúró lókèèrè ṣe é, àfi kí ó súnmọ́ wọn, kí ó fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó sì mọ àmì tí ń yí padà yàtọ̀ sí èyí tí kì í yí padà. Èmi kò mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó ìsàlẹ̀ òkun tí ó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, níbi tí ẹja pẹlẹbẹ mẹ́ta, plaice, flounder àti dab, ti ń sùn lórí iyanrìn kan náà, tí wọ́n sì ń gbé ìdẹ kan náà mì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ fi máa ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì.

Kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú wọn jọra. Alángbá da ikùn délẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja pẹlẹbẹ kì í fi ikùn kan ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń sùn. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, lóòró ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja gbogbo, ojú kan ní ọ̀tún, ojú kan ní òsì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ojú òsì a ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, a gba àtàrí kọjá, a sì lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ ní ọ̀tún, ẹja náà a wá fi ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ojú mọ́ lélẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ a di funfun, ẹ̀gbẹ́ òkè a sì máa gba àwọ̀ ilẹ̀ tí ó bá sùn lé. Ọ̀rọ̀ ojú tí ń ṣí nípò yìí dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, bóyá díẹ̀díẹ̀ ni ó lè ti wáyé láti ìran dé ìran, tí Charles Darwin fi ní láti fèsì sí i nínú ìtẹ̀jáde kẹfà ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹ̀dá ní ọdún 1872. Ní ọdún 2008 ni Matt Friedman, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tí ó ti di òkúta, sì fi egungun ẹja tí ó ti di òkúta láti bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn hàn, èyí tí ojú rẹ̀ kan ti kúrò ní ipò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì dé apá kejì.

Nígbà tí àwọ̀ sì ń tẹ̀lé ilẹ̀, àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí tí a kò lè gbára lé. Àmì róbótó aláwọ̀ ọsàn ni gbogbo ènìyàn fi mọ plaice, ṣùgbọ́n àmì náà a máa ṣá nígbà tí ẹja bá ti pẹ́ lórí iyanrìn funfun, flounder pẹ̀lú a sì máa ní irú rẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá tí ojú wà kò tó láti fi búra. Apá ọ̀tún ni ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n flounder tí ojú rẹ̀ wà ní òsì kò ṣọ̀wọ́n.

Kí ni kí apẹja wá gbára lé? Ọwọ́ rẹ̀ ni, àti ìlà kan tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹja láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, èyí tí ẹja fi ń mọ̀ bí omi bá mì nítòsí rẹ̀. Lára dab, ẹja kékeré a-rí-ṣákiṣàki-lọ́wọ́, ìlà yìí tẹ̀ kọdọrọ gba òkè lẹbẹ kékeré tí ó wà lẹ́yìn orí, kí ó tó tọ́ lọ sí ìrù. Bí a bá fi ìka ra á láti orí wá sí ìrù, ara rẹ̀ a dán; bí a bá ra á láti ìrù lọ sí orí, ara náà a rí ṣákiṣàki, nítorí pé eyín wẹ́wẹ́ wà ní etí ìpẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ a máa gba ara rẹ̀ kọjá.

Flounder, arìnrìn-àjò láàárín omi iyọ̀ àti omi odò, ní ìlà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí apẹja fi ìka tọ ìdí lẹbẹ gígùn méjì tí ó gba etí ara ẹja náà lọ, yóò kan kókó ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, irú wọn sì wà lẹ́bàá ìlà ẹ̀gbẹ́ náà pẹ̀lú. Òun ni ó ń gòkè nínú odò Thames títí dé ibi tí omi kò ti níyọ̀ mọ́, kí ó tó padà sí òkun lọ yé ẹyin. Plaice ní tirẹ̀, abara dídán, kò ní ṣóńṣó kankan ní ìdí lẹbẹ rẹ̀; kókó eegun 4 sí 7 ni ó ní, tí wọ́n tò láti ẹ̀yìn ojú lọ sí ibi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìka kò sì lè ṣì wọ́n mọ̀.

Ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi turbot wé brill, àwọn ẹja ńlá méjì tí ojú tiwọn wà ní òsì, bẹ́ẹ̀ turbot kò ní ìpẹ́, kókó eegun ni ó kún ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ìpẹ́ brill dán. Ìbátan wọn náà ni ẹja pẹlẹbẹ gbọọrọ, tí ó tinrín lọ sí ìrù, tí àwọn apẹja wa ń mú ní etí òkun Èkó àti Àgbádárìgì; ojú òsì ni ti òun náà.

Síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. Plaice àti flounder a máa bá ara wọn bí ọmọ nígbà mìíràn, pàápàá ní Òkun Baltic, ọmọ bẹ́ẹ̀ a sì ru àmì ìyá pọ̀ mọ́ ti bàbá, tí ẹni tí ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ ka àmì kan ṣoṣo yóò fi ṣìnà. Ọ̀ràn náà kì í sì í ṣe ti orúkọ lásán. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé plaice tí kò bá tó 27 sẹ̀ǹtímítà gbọdọ̀ padà sínú omi, bẹ́ẹ̀ dab tí ó gùn ní 25 sẹ̀ǹtímítà ti di àgbà tí ó ti yé ẹyin. Ẹni tí ó bá pe ọmọ plaice ní dab, tí ó sì gbé e lọ sílé, ó ti rú òfin, ó sì ti gba ẹyin ọ̀la lọ́wọ́ òkun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja, ẹ fi ọwọ́ tútù mú ẹja náà, ẹ wo ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ra ara rẹ̀, ẹ tọ ìdí lẹbẹ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọ̀. Bí kò bá sì dá yín lójú síbẹ̀, ẹ dá a padà sínú omi láàyè.