Òwe Tí Àjíǹde Ń Pa

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Níbi òkú ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde lẹ́nu àgbà. Ẹni tí wọ́n jọ wọ ilé ìwé lọ́dún kan náà, tí wọ́n jọ ń ra aṣọ ẹbí, ti sùn sínú pósí. Ẹni tó jókòó síwájú pósí náà sì ń ṣírò ọjọ́ orí tirẹ̀ nínú ọkàn. Ikú arúgbó tó ti rí ọmọ-ọmọ kì í dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀. Ti ojúgbà ni kì í jẹ́ kó rí oorun sùn, nítorí ara tó wà nínú pósí yẹn ò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ohun tó bá ọ̀kan ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá èkejì sọ.

Irú èrò yìí gan-an ni Pọ́ọ̀lù fi ṣàlàyé àjíǹde nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí ìjọ Kọ́ríńtì, ní nǹkan bí ọdún 55. Àwọn kan nínú ìjọ náà gbà pé Jésù jíǹde, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé òkú yòókù yóò jí. Lójú tiwọn, ti Jésù dá yàtọ̀. Ìyanu tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni ńlá ni, kò kan mẹ̀kúnnù. Pọ́ọ̀lù takò wọ́n gidi. Ó ní bí òkú kì í bá jí, a jẹ́ pé Kristi náà kò tíì jí, a sì jẹ́ pé asán ni ìwàásù òun. Ó wá pe Jésù ní àkọ́so. Ní àsìkò Ìrékọjá, àsìkò tí wọ́n pa Jésù gan-an, àwọn Júù a máa gbé ìtí ọkà báálì àkọ́kọ́ lọ fún àlùfáà. Ẹni tó ti jẹ iṣu tuntun lọ́dún ìjẹṣu rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: iṣu kan tó kọ́kọ́ wọlé ti jẹ́rìí sí gbogbo ebè tó ṣì wà lóko.

Nítorí náà, bí Jésù bá jẹ́ ojúgbà ẹ̀dá lóòótọ́, tí obìnrin bí, tí ebi ń pa, tó sunkún nítorí ikú Lásárù ọ̀rẹ́ rẹ̀, àjíǹde rẹ̀ náà ń pa òwe fún ni.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìmọ ìtàn òkú tó padà wá. Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn àkúdàáyà? Ẹni tó kú sí Ìbàdàn, tí wọ́n ti sin, tí wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀ tán, ni ẹnìkan wá rí ní Kánò tàbí ní Gánà, tó ń tajà, tó ti láya, tó ti bímọ. Ibì kan náà ni ìtàn wọ̀nyí máa ń já sí. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí bá ti dé, àkúdàáyà a pòórá, ìsọ̀ rẹ̀ a ṣófo, wọn ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìwé ìhìnrere sọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rí gan-an ni Jésù wá lọ. Màríà ará Magidala rò pé olùṣọ́gbà ló ń bá òun sọ̀rọ̀, àfìgbà tó pe orúkọ rẹ̀. Lúùkù ròyìn pé ẹ̀rù ba àwọn ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n rò pé iwin ni wọ́n rí. Jésù na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ó bèèrè oúnjẹ, wọ́n fún un ní ẹja yíyan, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá, àwọn ọkùnrin sì kà á sí ìsọkúsọ. Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rí obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́dọ̀ àwọn Júù. Ó ṣòro láti rí ẹni tó máa hun irọ́, tó sì máa fi obìnrin ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Àjíǹde Jésù yàtọ̀ sí àtúnwá pẹ̀lú. Babátúndé tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà jẹ́ ìtùnú ńlá fún ẹbí, ṣùgbọ́n ara mìíràn ló gbé wá, ìyá mìíràn ló bí i. Ara tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú ní ọjọ́ Ẹtì ni ìgbàgbọ́ Kristẹni sọ pé ó dìde ní ọjọ́ kẹta, tòun tàpá. Àpá náà kò parẹ́. Òun ni Tọ́másì fi dá a mọ̀.

Bí Ọlọ́run bá ka ara ènìyàn sí tó báyìí, ìtọ́jú ara di apá kan ìgbàgbọ́. Ní nǹkan bí ọdún 260, àjàkálẹ̀ àrùn bo ìlú Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì. Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, kọ lẹ́tà Ọdún Àjíǹde sí àwọn ọmọ ìjọ, Eusebius òpìtàn sì tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ìjọ tó kọ. Dionysius ròyìn pé àwọn kan nílùú ń gbé aláìsàn wọn jù sójú títì kí wọ́n tó kú. Àwọn onígbàgbọ́ dúró ti tiwọn. Wọ́n ń pa òkú lójú dé, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbé e léjìká lọ sin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tipa bẹ́ẹ̀ kó àrùn náà, wọ́n kú. Ìgbàgbọ́ kan náà ló gbé Fáda Jean-Marie Coquard, ará Faransé, dé Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1895, ó dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, tó ṣì ń gba aláìsàn dòní.

Lórí pẹpẹ púpọ̀ lónìí, òkúta ẹnu ibojì Jésù ti di orúkọ mìíràn fún gbèsè, fún àìrọ́mọbí, fún físà tí wọn ò tẹ̀ síwèé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹni tí ìyà ń jẹ gbé ìyà rẹ̀ tọ Ọlọ́run lọ ní Ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí físà gbà yóò kú lọ́jọ́ kan, ẹni tó san gbèsè tán náà yóò kú. Ìwàásù tó bá fi ibẹ̀ mọ kò tíì dé ibojì.

Ní alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, ìjọ Àgùdà a máa pa gbogbo iná inú ilé ìsìn. Wọ́n á dá iná síta. Fáda á fi irin ṣóńṣó fín àgbélébùú àti òǹkà ọdún náà sára àbẹ́là ńlá kan, á ki ẹyọ tùràrí márùn-ún bọ̀ ọ́ lára nítorí ojú ọgbẹ́ márùn-ún, á sì tàn án. Lára àbẹ́là yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ á ti máa tan tiwọn, ọwọ́ dé ọwọ́, títí gbogbo ilé á fi mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni yóò wà fún àádọ́ta ọjọ́, títí di ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi ìrìbọmi àti ibi ìsìnkú ni wọ́n tún ń tàn án sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ni àwọn agbébọn kọlu ilé ìjọsìn Francis Mímọ́ ní Òwọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tó kú lé ní ogójì, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ àjíǹde ní làárí lóde òní, Òwọ̀ ni kó ti bèèrè.

Ìgbàgbọ́ náà kò ní kí ìyá tó pàdánù ọmọ má sunkún. Jésù sunkún kó tó pe Lásárù jáde, nítorí náà àwọn tó ń sáré pa ọ̀fọ̀ mọ́ olóòkú lẹ́nu ní orúkọ ìgbàgbọ́ kò ṣe bí ọ̀gá wọn. Ìgbàgbọ́ náà kò sì ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n pa ní Òwọ̀ tì. Ìjọba ló pa Jésù, Pílátù ló dá ẹjọ́ ikú fún un, àjíǹde sì ni Ọlọ́run fi wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Ẹni tó gba èyí gbọ́ kò lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá pa aláìṣẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé afurasí márùn-ún lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ Òwọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ìjọ máa bèèrè ibi tí ẹjọ́ náà dé, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún Òwọ̀ nìkan.

Bí Ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, ní ọjọ́ Ajé, ìjọ púpọ̀ ní Nàìjíríà a máa lọ síbi eré tí wọ́n ń pè ní Gálílì. Wọ́n á kó ìrẹsì, ẹran àti mínírà sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á lọ síbi tó ní igi òjìji, àwọn ọmọdé á máa fa okùn, ìlù á máa dún. Ayọ̀ yìí tọ́, nítorí Jésù tó jíǹde jẹun. Inú ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì nínú ìwé Mátíù ni orúkọ náà ti wá, pé Jésù ti ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Gálílì yìí ni ilẹ̀ iṣẹ́ wọn, ibi tí àwọ̀n Pétérù wà, ibi tí Jésù ti fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, orí òkè kan níbẹ̀ ló sì ti rán wọn lọ sí gbogbo ayé. Àwọn ìjọ kan ti ń darí bọ́ọ̀sì Gálílì tiwọn gba ilé ìwòsàn. Wọ́n á san owó fún aláìsàn tí wọn ò jẹ́ kó lọ sílé nítorí gbèsè, wọ́n á bá olùtọ́jú aláìsàn pín nínú ìrẹsì náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kọrí síbi eré.