Àkàrà-Oògùn: Ta Ni Olóògùn Inú Igbó Irúnmalẹ̀ Yìí?

Bí ẹ bá yà sí ilé géèmù kan ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò, ẹ lè bá ọmọ tó máa ka orúkọ gbogbo oṣó inú géèmù òyìnbó fún yín láìmí. Ẹ wá bi í pé ta ni Àkàrà-Oògùn. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló máa wojú yín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yorùbá ni, oògùn rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé kí irú géèmù bẹ́ẹ̀ tó délé ayé. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Níbo ló ti wá?

Òun ni akọni inú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Olóyè D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ni wọ́n bí Fágúnwà sí ní 1903. Ó sì kú ní 1963. Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ọdẹ ni bàbá Àkàrà-Oògùn, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn bàbá náà, Olówó-ayé, kó wá Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949.

Kí ni agbára rẹ̀?

Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọfọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní egbé, ìyẹn oògùn tó máa ń gbé èèyàn kúrò nínú ewu lọ sílé kí ojú tó ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n igbó náà kì í ṣe ibi eré. Ibẹ̀ ló ti pàdé Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú 16, tó dé fìlà irin. Wọ́n jà títí, kò sì rí i pa. Oògùn pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó níbi tí í mọ.

Kí ló pa òun àti géèmù pọ̀?

Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ géèmù oṣó tòde òní ti ṣẹ̀. Àwọn tó ń gbá a máa ń kóra jọ, kálukú á mú iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan oṣó, wọ́n á jọ wọ inú ewu.

Fágúnwà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 36 ṣáájú. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Kàkó mú kùmọ̀ rẹ̀, Èfòyé mú ọfà, Olóhùn-Iyọ̀ mú orin, Ìmọ̀dòye mú ọgbọ́n, Ẹlẹ́gbède-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Àràmàǹdà-Okùnrin náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ò lè ṣe, èkejì á ṣe é.

Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?

Nínú géèmù, agbára oṣó á máa ga sí i títí ni. Ní ti Fágúnwà, nígbà tí àwọn akọni yìí dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, nínú ilé olójúlé méje, wọ́n jókòó ni, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ wà nínú ohun tó kọ́ wọn. Olóògùn ńlá di akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ló kàn wá?

Wọ́n ti gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé rí: Wale Ogunyemi fi kọ eré Langbodo, tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC 77. Ní Kamẹrúùnù, iléeṣẹ́ Kiro'o Games gbé géèmù Aurion jáde ní 2016, ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ló sì fi ṣe é. Tiwa náà ṣeé ṣe, àmọ́ ọmọ tí kò mọ ìtàn ò lè fi ṣe géèmù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a ò ní kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kàn ka ojú ìwé méjì sí i létí lálẹ́, ní Yorùbá. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Àgbákò, òun fúnra rẹ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ má tíì pa ìwé dé.